Eré-Ìje Orí Títì àti Òtítọ́ Inú Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Òwe yìí fi hàn gbangba ojú tí àwọn baba ńlá Yorùbá fi ń wo eré sísá. Ọmọdé lè máa sáré kiri ìta nítorí ayọ̀, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ó bá ki eré mọ́lẹ̀ ní ojú ọ̀nà kò ní ṣàì ní ìdí. Ó lè jẹ́ pé iná ń jó, ó lè jẹ́ pé ogun ń bọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ọba ni ó rán an níṣẹ́ kánjúkánjú.

Síbẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 1916 àti 100, èyíinì ni ọdún 2016, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn pé jọ ní Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè tí ó wà ní Sùúrùlérè ní Èkó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba sì wà níbẹ̀. Wọ́n gba orí afárá ńlá kọjá lórí ọ̀sà, wọ́n sì forí lé Èkó Atlantic ní etí òkun. Kò sí ejò kankan ní ẹ̀yìn wọn. Kí ni wọ́n ń lé nígbà náà? Láti dáhùn ìbéèrè yìí, ó yẹ kí a wo ìtàn ẹsẹ̀ àti ọ̀nà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí a sì wo ohun tí ó sọ eré-ìje orí títì di ohun iyì, àti ohun tí ó lè sọ ọ́ di ohun ẹ̀tàn.

Ẹsẹ̀ Àwọn Ìránṣẹ́

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ẹsẹ̀ ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí ni ìránṣẹ́ Aláàfin. A máa ń fá apá kan orí wọn kí gbogbo ayé lè dá wọn mọ̀, ẹni tí ó bá sì rí wọn lọ́nà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọba ni ó ń kọjá. Kì í ṣe ẹnu nìkan ni ìránṣẹ́ fi ń jíṣẹ́. Àrokò wà pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá di ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé ẹ̀fà ni iye ẹyọ owó náà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ ni ó fi ránṣẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí àwọn méjèèjì jọ wà ní ìrẹ́pọ̀.

Ohun méjì ni a ń retí lọ́wọ́ irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé kí ó tètè dé. Èkejì, tí ó sì ju èkíní lọ, ni pé kí ohun tí ó gbé dé jẹ́ ohun tí a fi rán an gan-an. Ẹni tí ó yára tí ó sì já ẹyọ owó kan sọnù lọ́nà ti ba iṣẹ́ jẹ́ ju ẹni tí ó pẹ́ lọ. Ìránṣẹ́ tí kò dé ibi tí a rán an, tí ó sì padà wá sọ pé òun dé ibẹ̀, ọ̀tá ìlú ni. Nítorí náà, láti ìgbà láéláé, iyì ẹlẹ́sẹ̀ eré kò kúrò lára òtítọ́ rẹ̀.

Bí Máratọ́ọ̀nì Ti Bẹ̀rẹ̀

Ìtàn àwọn ará Gíríìsì pàápàá bá èyí mu. Wọ́n ní ìránṣẹ́ kan ni ó sáré láti pápá ogun Marathon dé Athens láti ròyìn ìṣẹ́gun. Nígbà tí a sọ Ìdíje Òlíńpíìkì jí ní Athens ní ọdún 1896, wọ́n fi eré kan tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 40 ṣe ìrántí rẹ̀. Spyridon Louis, ọmọ Gíríìsì, ni ó gba ipò kìíní. Ní ọdún 1908, nígbà tí ìdíje náà wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré láti ààfin Windsor, wọ́n sì parí rẹ̀ ní iwájú ibi tí àwọn ọba jókòó sí ní pápá ìṣeré. Ìrìn náà jẹ́ kìlómítà 42.195. Ní ọdún 1921 ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé iye yìí gan-an ni eré Máratọ́ọ̀nì yóò máa jẹ́ níbi gbogbo. Nígbà tí a bá pín in sí méjì, ó di kìlómítà 21.0975, èyí tí a ń pè ní ààbọ̀ Máratọ́ọ̀nì, tí ọ̀pọ̀ ìlú ní ayé ń sá ní ọdọọdún. Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1981 láti Newcastle dé South Shields ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ọmọ Áfíríkà kò pẹ́ kí wọ́n tó fara hàn nínú eré yìí. Ní ọdún 1904, ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ Tswana méjì, Len Taunyane àti Jan Mashiani, sá Máratọ́ọ̀nì. Èkíní gba ipò kẹsàn-án, èkejì gba ipò kejìlá. Ṣùgbọ́n ọdún 1960 ni ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Abebe Bikila, ẹ̀ṣọ́ ọba Ethiópíà, sáré ní Róòmù láì wọ bàtà, ó sì gba góòlù ní wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 16. Róòmù yìí ni olú-ìlú àwọn tí ó gbógun ti ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1935. Ọ̀nà tí ó sá kọjá lẹ́bàá ọwọ̀n òkúta Axum, tí àwọn ará Ítálì kó ní Ethiópíà ní ọdún 1937, tí wọn kò sì dá padà títí di ọdún 2005. Ẹni tí wọ́n kó ohun ìní bàbá rẹ̀ lọ fi ẹsẹ̀ lásán gba iyì ní iwájú ohun ìní náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta géérégé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni Nàìjíríà gba òmìnira.

Títì, Ogun àti Eré

Ọ̀nà kì í ṣe ti ayọ̀ nìkan. Bí ó ti ń gbé ọ̀rẹ́ wọ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé ọ̀tá. Kò sí ibi tí ilẹ̀ Yorùbá ti mọ èyí tó Òrè, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó. Oríta ni Òrè jẹ́. Ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Bìní, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ni ó pàdé níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Bìáfúrà sọdá odò Ọya, wọ́n sì gba Bìní ní ọjọ́ kan náà. Ọmọ Yorùbá, Victor Banjo, ni ó ṣáájú wọn. Títì ni wọ́n tẹ̀ lé títí wọ́n fi dé Òrè, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìjọba Àpapọ̀ ti dá wọn dúró tí wọ́n sì lé wọn padà. Kí oṣù kẹsàn-án ọdún náà tó parí, Bìní ti padà bọ́ sí ọwọ́ Ìjọba Àpapọ̀, àwọn Bìáfúrà sì ti yìnbọn pa Banjo. Ohun tí ó kù sí ẹnu àwọn ènìyàn ni ọ̀rọ̀ yìí: "Ó le kú, ìjà Òrè." Títí di òní, bí nǹkan bá le kọjá àfẹnusọ, ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń sọ, tí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń sọ ọ́ kò sì mọ ibi tí ó ti wá.

Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn èyí, ní oṣù kìíní ọdún 1973, gbogbo Áfíríkà péjọ sí Èkó fún Ìdíje Eré Ìdárayá Ilẹ̀ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nítorí ìdíje náà ni a ṣe kọ́ pápá ìṣeré Sùúrùlérè. Mamo Wolde ti Ethiópíà, ẹni tí ó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Mẹ́síkò ní ọdún 1968, ni ó gba Máratọ́ọ̀nì. Ìṣẹ́jú 27 lé ní wákàtí méjì ni ó fi sá a. Kò ì tíì pé oṣù márùn-ún tí ọkùnrin kan náà fi ìṣẹ́jú 15 lé ní wákàtí méjì sá iye ìrìn yìí kan náà ní Munich. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ooru àti ọ̀rinrin Èkó ni ó gba ìṣẹ́jú méjìlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí rèé tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ irú eré bẹ́ẹ̀ ní ìdájí ní ilẹ̀ wa, kí oòrùn tó mú.

Eré-Ìje Èkó

Eré tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016 ní àkókò Gómìnà Akinwunmi Ambode ti di ohun ọdọọdún. Ohun tí ó kọ́kọ́ ya ènìyàn lẹ́nu nínú rẹ̀ ni afárá. Afárá Kẹta tí ó so Èkó mọ́ ilẹ̀ ńlá, tí a parí ní ọdún 1990, gùn tó kìlómítà 11.8. Ní ọjọ́ mìíràn, ọkọ̀ ni ó ni ín. Ẹlẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀ pẹ́. Ní ọjọ́ eré, ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ni ín, ọkọ̀ ni ó sì ń wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti ń kọjá níbẹ̀ láti ogún ọdún kò mọ bí omi ọ̀sà ti rí gan-an títí wọ́n fi fi ẹsẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti títì pa gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Aláboyún tí ó ń rọbí kì í mọ ọjọ́ eré. Oníṣòwò tí ẹ̀fọ́ rẹ̀ yóò rọ kò sì ní í dúró de ẹni tí ó ń sáré. Nítorí èyí, eré ìlú kò lè jẹ́ ti ìjọba àti ti ilé ìfowópamọ́ tí ó ná owó sí i nìkan. Ó ní láti jẹ́ ti àwọn tí ọ̀nà jẹ́ tiwọn, kí a kéde rẹ̀ fún wọn ṣáájú, kí a sì fi ọ̀nà mìíràn hàn wọ́n. Èkó lè rí ọ̀nà mìíràn gbà. Bí irú rẹ̀ bá wáyé ní oríta bí Òrè, tí a sì dí oríta náà pa, ọkọ̀ tí ó ń ti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn Nàìjíríà ni a dá dúró. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn àgbà ni ó wí bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n ìlú tí ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo là já gbọ́dọ̀ ronú dáadáa kí ó tó tì í.

Òṣùwọ̀n Títì

Ohun kejì tí ó mú eré orí títì yàtọ̀ sí eré inú pápá ni òṣùwọ̀n. Inú pápá jẹ́ ibi kan náà níbi gbogbo. Títì ní kọ́nà, ó ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun sá kìlómítà 21 àti ààbọ̀ ìwọ̀n, ta ni yóò jẹ́rìí sí i?

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ń lò. Wọ́n á so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ àgbá iwájú rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò sì máa ka iye ìgbà tí àgbá yí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi okùn irin wọn ibi kan tí ó tẹ́jú, wọ́n á sì gun kẹ̀kẹ́ náà kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí wọ́n lè mọ ohun tí yíyí àgbá kan tó. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gun ún gba gbogbo ojú ọ̀nà eré, ní ibi tí ó kúrú jù lọ tí asáré kan lè gbà, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí etí títì níbi kọ́nà. Ní ìgbẹ̀yìn, fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi mítà kan kún un, kí ọ̀nà náà má baà kúrú rárá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sá ààbọ̀ Máratọ́ọ̀nì lórí ọ̀nà tí a wọ̀n dáadáa ti fi nǹkan bíi mítà 21 ṣe ọrẹ fún òtítọ́. Irú ìṣọ́ra yìí ni ó gbé eré kìlómítà 10 ti Okpekpe ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, débi tí àjọ àgbáyé fi mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn òṣùwọ̀n ọ̀nà ni òṣùwọ̀n ènìyàn. Ní St. Louis ní ọdún 1904, Fred Lorz ni ó kọ́kọ́ wọ pápá ìṣeré, àwọn ènìyàn sì pariwo yìn ín, kí wọ́n tó mọ̀ pé inú ọkọ̀ ni ó jókòó sí fún apá púpọ̀ nínú ìrìn náà. Ní Boston ní ọdún 1980, wọ́n dé Rosie Ruiz ládé, wọ́n sì gba adé náà padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, nítorí pé ìtòsí òpin eré ni ó ti yọ wọ inú àwọn asáré. Jacqueline Gareau ti Kánádà ni ó ni adé náà. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó fi kan ìlò ẹ̀rọ tín-ń-tín tí a ń so mọ́ bàtà tàbí nọ́ńbà àyà asáré lóde òní. Bí asáré bá ti tẹ ẹní tí a tẹ́ sórí títì, ẹ̀rọ náà yóò sọ àkókò tí ó kọjá. Ẹní tí a kò tẹ̀ ni yóò tú ẹni tí ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú fó.

Eré Tí Ó Di Ẹjọ́

Bí a bá ti wọn ọ̀nà, tí a sì ti ṣọ́ asáré, ó ku ẹ̀jẹ̀. Ìtàn ẹni tí ó kọ́kọ́ gba eré Èkó kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa èyí. Abraham Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà, ni ó gba ipò kìíní ní ọdún 2016, ó sì tún gbà á ní ọdún 2017. Ìṣẹ́jú 16 lé ní wákàtí méjì ni àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 15 lé ni èkejì. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ó sá ààbọ̀ Máratọ́ọ̀nì ní Valencia ní ilẹ̀ Sípéènì ní ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú àáyá 18. Kò sí ẹni tí ó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni ó fi ju Zersenay Tadese ti Eritrea lọ, ẹni tí ó ti di ipò náà mú láti ọdún 2010. Àwọn ará Èkó tí ó mọ̀ ọ́n yọ̀ pé ẹsẹ̀ tí ó gba orí afárá wọn ti di ẹsẹ̀ tí ó yára jù ní ayé.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ní kété kí ó tó sá Máratọ́ọ̀nì Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dá a dúró. Ìwé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó fa á. Àwọn tí ó ń ṣọ́ eré-ìje máa ń gba ẹ̀jẹ̀ asáré láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n a sì kọ iye ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní ọ̀nà tí ó máa ń gbà rìn. Bí ó bá ṣàdédé kún tàbí dínkù ní ọ̀nà tí ara kò lè dá ṣe, ìwé náà yóò sọ ọ́, bí a kò tilẹ̀ bá oògùn lára ẹni náà. Ní ìparí ọdún 2019, wọ́n fi òfin de Kiptum fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì pa gbogbo èsì rẹ̀ láti ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2018 rẹ́. Ipò àgbáyé tí ó gbà ní Valencia lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdájọ́ náà kò kan eré méjèèjì tí ó gbà ní Èkó, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí tí ó tẹ̀ lé e ba èyí tí ó ṣáájú jẹ́. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Valencia kò tilẹ̀ pé ọdún méjì.

Òtítọ́ Tí Ó Pẹ́ Dé

Nàìjíríà ti jẹ nínú ìyà tí irọ́ ẹlòmíràn ń dá sílẹ̀. Ní Sydney ní ọdún 2000, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong sá eré-ìje 400 mítà ti ẹlẹ́ni mẹ́rin, wọ́n sì gba fàdákà lẹ́yìn Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2008, ọ̀kan nínú àwọn Amẹ́ríkà náà jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn, wọ́n sì gba góòlù wọn. Ọdún 2012 ni a tó sọ pé Nàìjíríà ni ó ni góòlù náà. Sunday Bada ti kú ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Ó sá eré tí ó gba góòlù, ó sì wọ ibojì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gba fàdákà. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ẹ̀tàn nínú eré kò pa ẹnikẹ́ni lára, kí ó rántí Bada.

Bóyá ìdí èyí ni ilé iṣẹ́ rédíò Splash FM ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àjọ ìjọba tí ó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, fi ń fi orúkọ òtítọ́ àti ìwà títọ́ pe eré orí títì tí wọ́n ń ṣe ní ìlú náà. Èrò tí ó wà nínú orúkọ yẹn kì í ṣe tuntun. Òun kan náà ni ó wà nínú iṣẹ́ ìlàrí: kí ẹsẹ̀ yá, kí ohun tí a gbé sì pé.

Àwọn Ọmọ Ilé

Ìbéèrè kan kù. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láti 2016, àwọn tí a bí ní ìlà oòrùn Áfíríkà ni ó ń gba ipò kìíní lórí afárá Èkó, a sì ń ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Àwọn kan ń sọ pé ẹsẹ̀ Yorùbá kò dá fún ọ̀nà jíjìn. Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró. Ìlú Iten ní Kẹ́ńyà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń kọ́ eré, ga tó 2,400 mítà sí òkun. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ara ẹni tí ń gbé ibẹ̀ sì ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé èémí. Èkó wà ní etí òkun. Ohun tí ó tún ju gíga ilẹ̀ lọ ni pé níbẹ̀, ọmọdé kan mọ ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ kọ́ ilé, ó sì ń bá a sáré ní òròòwúrọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, eré kúkúrú ni ọmọdé rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fo igi mẹ́wàá lórí 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní ọdún 2022, kò sì sí obìnrin kan ní ayé tí ó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Ibi tí àpẹẹrẹ bá wà ni ẹsẹ̀ ń gbà.

Nítorí náà, ọwọ́ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí wà ju ọwọ́ ìjọba lọ. Ọ̀nà oko láàárín Òrè àti àwọn abúlé Odígbó, òkè Ìdànrè, àti títì ilé ẹ̀kọ́ ní ìdájí, gbogbo wọn tó láti fi kọ́ ọmọ tí ó ní sùúrù. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀nà jíjìn kò sì fẹ́ agbára bí ó ti fẹ́ ẹ̀sọ̀. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tí yóò fi aago sí ọwọ́ kọ́kọ́ wọn ọ̀nà rẹ̀ dáadáa, kí ó sì kọ àkókò ọmọ náà sílẹ̀ bí ó ti rí, bí kò tilẹ̀ dára létí. Bí ọmọ bá mọ̀ láti kékeré pé mítà 100 kò gbọdọ̀ jẹ́ 99, kò ní wá ọ̀nà ẹ̀bùrú nígbà tí ó bá dé orí afárá.

Àwọn tí ó ń sáré lórí títì kò sá fún ejò, wọn kò sì lé ejò. Iye kan tí ó dájú ni wọ́n ń lé: kìlómítà 21.0975, tàbí ìlọ́po méjì rẹ̀, kò lé, kò dín. Bí iye náà bá jẹ́ òtítọ́, ẹni tí ó gba ipò kìíní àti ẹni tí ó gbẹ̀yìn jọ gbé ohun kan náà délé.